Ẹni Tó Kù Sábẹ́ Rúmfà

Bí kì í bá ṣe Maimunah, Rẹ̀mílẹ́kún kì bá tí tètè mọ̀ pé ìkànnì òun ti kú.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni. Ó ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Sabon Tasha, lápá gúúsù ìlú Kaduna, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Maimunah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, ló ń pè láti abúlé wọn lójú ọ̀nà Kachia.

"Àǹtí, kò ṣí o."

"Kí ni kò ṣí?"

"Ìkànnì yín. Ó kàn funfun báláú ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbí."

Rẹ̀mílẹ́kún kò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó ti mọ́ ọn lára. Láti bí ọdún méjì ni ìkànnì náà ti máa ń dákú, tí á jí, tí á tún dákú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ojú-ewé náà ṣófo bí ilé tí ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ìdákú.

Olùkọ́ kẹ́místírì ni, ọmọ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, ṣùgbọ́n Kaduna ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ìkànnì tó pè ní Kẹ́místírì Àǹtí Rẹ̀mí yìí, kò fi ṣòwò. Ẹ̀kọ́ ló ń kọ síbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń da ásíìdì sínú omi tí kò fi ní jóni lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń mọ iyọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Lábẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àyè wà tí ọmọ ti lè bi í ní ìbéèrè. Òun á dáhùn, ọmọ mìíràn tí kò ní ìgboyà láti béèrè á wá ka ìdáhùn náà, á sì rí tirẹ̀ mú níbẹ̀. Lọ́dún tí àwọn ajínigbé ń kó ọmọ nílé-ìwé, tí wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pa káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Maimunah fúnra rẹ̀ sọ fún un pé orí àpáta kan lẹ́yìn abúlé làwọn máa ń gùn lọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè wọlé. Ẹni tó bá gun àpáta nítorí ohun tí o kọ, o ò ní fẹ́ kó débẹ̀ kó bá ojú-ewé funfun. Ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìkànnì kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ní láti fún un níbùgbé lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, kí ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lè bá a nílé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe èyí fún Rẹ̀mílẹ́kún ń jẹ́ Rúmfà, ìyẹn àtíbàbà lédè Haúsá. Láti ọdún 2012 ló ti wà lábẹ́ àtíbàbà yìí. Láyé àtijọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ni, wọn á sì tún un ṣe. Nísinsìnyí, Rúmfà kò ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè mọ́. Àpótí kékeré kan ló wà ní igun ojú-ewé wọn tí oníbàárà ń kọ̀wé sí, ẹni tó ń dáhùn níbẹ̀ sì ń jẹ́ Queen.

"Ẹ kú àárọ̀, Queen," ó kọ ọ́. "Ìkànnì mi kò ṣí."

"Ẹ kú àárọ̀, oníbàárà wa àtàtà! Inú wa dùn pé ẹ kàn sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì tún un tàn."

Ó mọ̀ pé kò ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà òun, ṣùgbọ́n ó pa á, ó tún un tàn, kí wọ́n má baà sọ pé ó ṣorí kunkun.

"Mo ti ṣe é. Ìkànnì ló kú, kì í ṣe kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń dúró dè mí."

"Ó yé wa bó ṣe rí lára yín. Ṣé ẹ ti pa kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì tún un tàn?"

"Queen, ṣé ènìyàn ni ọ́?"

"Ìbéèrè tó dára gan-an ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn balẹ̀, a ti gbé ọ̀rọ̀ yín fún ẹni tó yẹ."

Ó dúró títí ẹ̀wà fi mu omi yó nínú abọ́. Kò gbúròó ẹni tó yẹ náà. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìwé kan wọlé sórí ímeèlì rẹ̀ pé wọ́n ti yanjú ìṣòro rẹ̀, wọ́n sì ti pa ẹjọ́ náà dé. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ṣí ìkànnì náà lórí fóònù. Funfun báláú.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó wà ní yàrá àwọn olùkọ́, ìwé mìíràn tún wọlé. Wọ́n ya òdòdó sí i lórí. "Ẹ kú oríire! Ẹ ti lé ní ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú wa. Oníbàárà bíi tiyín ni òpó Rúmfà. Láti oókan dé ẹ̀wàá, báwo ni ẹ ṣe ní ìtẹ́lọ́rùn tó?"

Rẹ̀mílẹ́kún pòṣé débi pé gbogbo olùkọ́ tó wà níbẹ̀ gbójú sókè.

Bó ti délé ló ròyìn fún Bíọ́dún, ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bíọ́dún, ó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, ó sì ti ń ja ìjà Rúmfà yìí bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Mo ti ń sọ ọ́, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kúrò níbẹ̀! Ilé-iṣẹ́ mìíràn kún ìta bí erùpẹ̀. Àbí wọ́n ti gbé ọ níyàwó ní Rúmfà ni?"

"Àbdùlkàrímù kì í ṣe mí báyìí."

"Àbdùlkàrímù! Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

Rẹ̀mílẹ́kún ka ọdún lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Àbdùlkàrímù ló dá Rúmfà sílẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ní Hayin Banki, lápá Kawo. Ọmọ Yorùbá ni, Ọ̀yọ́ làwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Hayin Banki ni wọ́n bí i sí, bí Yorùbá ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni Haúsá náà ṣe wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì mọra dáadáa lọ́dún tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé ní Kaduna, tí Mùsùlùmí apá àríwá àti Kristẹni apá gúúsù ń bẹ̀rù ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò dábàá pé òun fẹ́ kọjá odò tó la ìlú náà sí méjì. Láàárín rògbòdìyàn yẹn ni Àbdùlkàrímù ń pè é. "Àǹtí Rẹ̀mí, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹ má ronú nípa ìkànnì, mo ń wò ó. Ẹ ṣáà dúró sínú ilé." Nígbà tó yá, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan já wọ ìkànnì náà, wọ́n gbé àwòrán ìhòòhò síbi tí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà. Ojú tì í débi pé kò lè sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀. Àbdùlkàrímù kò jókòó kó tó fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó sì bá a ti ibi tí wọ́n gbà wọlé pa. Baba Rẹ̀mílẹ́kún a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Òun kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Gbogbo ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó bá kan tirẹ̀, á ní òun ní ẹni tí òun mọ̀ ní Rúmfà.

Ó gbé fóònù, ó pe nọ́ńbà Àbdùlkàrímù tó ní lọ́wọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́.

"Mò ń lọ síbẹ̀ lọ́la," ó sọ fún Bíọ́dún.

"Síbo?"

"Hayin Banki."

Bíọ́dún gbọn orí. "Tóò. Bá mi kí Queen."

Bí ilé-ìwé ṣe parí lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó kọjá afárá, ó sọ̀ ní Kawo, ó wọ kẹ̀kẹ́ Napep wọ Hayin Banki. Ṣọ́ọ̀bù Rúmfà wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n tìmùtìmù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wọ́n tò wọ́n jọ dé òkè àjà. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ sọ fún un lédè Haúsá pé ó ti pẹ́ tí oníkọ̀ǹpútà ti kó lọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kò jìnnà, ó sì nawọ́ sí géètì aláwọ̀ ewé kan.

Hameedat, ìyàwó Àbdùlkàrímù, ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí i báyìí, ó ké.

"La! Àǹtí Rẹ̀mí! Sannu da zuwa! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọkọ mi lọ kí ìrun ni, kò ní pẹ́ dé."

Ó fún un ní sóbò tútù, ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Òórùn tùràrí gba pálọ̀ náà kan. Hameedat ní òwò òun ni, tùràrí àti hìjáàbù, òun sì ti ń tà á dé Maiduguri.

"Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó tẹ fóònù rẹ̀. Kò tíì gbé ìka kúrò níbẹ̀ tí ìkànnì rẹ̀ fi ṣí, pẹ̀lú àwòrán ìgò tùràrí tó ń dán gbinrin.

Rẹ̀mílẹ́kún gba fóònù náà, ó wò ó. Ó tẹ ibí, ó ṣí. Ó tẹ ọ̀hún, ó ṣí.

"Kì í dákú?"

"Rárá o. Kò dákú rí láti ìgbà tá a ti kó o síbi tó wà yìí."

"Kó o? Ṣé kì í ṣe Rúmfà lẹ wà ni?"

Hameedat rẹ́rìn-ín, kò fura. "Rúmfà kẹ̀? Haba, Àǹtí. Kí wọ́n tó tà á tán ni ọkọ mi ti ní ká tètè kó ẹrù tiwa jáde. Ó ní àwọn tó rà á ò ní mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí Àbdùlkàrímù fi wọlé, fìlà lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó rí Rẹ̀mílẹ́kún, ó rí fóònù ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín tó fẹ́ rín kú sí i lẹ́nu.

"Àǹtí. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn."

"O tà á, Káríìmù?"

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga. "Agbára mi ò gbé e mọ́, Àǹtí. Jẹnẹrétọ̀ ń jẹ díísù bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Baba mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn kan wá láti Lagos, wọ́n ní àwọn á rà á, àwọn ò ní yí orúkọ ẹ̀ padà. Mo gbà."

"Mi ò bínú pé o tà á. Ohun ìní rẹ ni. O kó ẹrù ìyàwó rẹ jáde, o fi tèmi sílẹ̀ sínú ilé tí o mọ̀ pé ó ń wó?"

"Wallahi, mo buwọ́ lu ìwé pé mi ò ní fa oníbàárà kankan kúrò lọ́wọ́ wọn."

"Ta ló ní kí o fà mí? Ìwọ tí ò ń pè mí nígbà tí ìlú ń gbóná! O ò lè kí mi lọ́jọ́ Iléyá kan, kí o ní, 'Àǹtí, ẹ ṣọ́ra o'? Ẹni tó lóye ni mí, màá ti mọ ìyókù."

"Ojú ló ń tì mí, mà." Ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò sì gbàdúrà. "Mo tún rò pé ẹ ti lọ tipẹ́. Gbogbo wọn ló ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kankan ṣì kù níbẹ̀."

Èyí ló dùn ún jù. Ì bá sàn kó purọ́ fún un. Gbogbo ìgbà tó ń gba Queen mọ́ra, gbogbo ìgbà tó ń bá Bíọ́dún jà nítorí ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Nítorí rẹ ni mo ṣe dúró," ó wí. "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Èmi lo tà mọ́ ọn, Káríìmù. Èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń gun àpáta."

Hameedat ti dìde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí òun á gbé ọwọ́ òun sí. Àbdùlkàrímù náà dìde, ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú háàdì dísíìkì dúdú kan tí eruku ti bò lọ́wọ́.

"Ẹ̀dà gbogbo ìkànnì tó wà lábẹ́ Rúmfà ni, títí di ọjọ́ tí mo fi lé wọn lọ́wọ́. Tiyín wà ńbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni kò sí."

"Ọdún méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ síbi tí tiwa wà. Kó tó di Màgàríbì, á ti ṣí."

Ọkàn rẹ̀ ní kó dìde, kó sọ pé kí ó máa gbádùn háàdì dísíìkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú kò kọ́ ọmọ ní kẹ́místírì. Ó yọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú báàgì.

"Ìwọ kọ́ lo máa gbé e. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí o fi bí wọ́n ṣe ń gbé e hàn mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó. Ó ń tẹ̀, Àbdùlkàrímù ń tọ́ka. Bí ó bá ti fẹ́ na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà náà, Rẹ̀mílẹ́kún á wò ó, ọkùnrin náà á sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Hameedat gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá. Rẹ̀mílẹ́kún dúpẹ́, ó tọ́ ọ wò, kò jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé wọn tuntun. Ó rí ìbéèrè àwọn ọmọ tí wọn á ti di géńdé báyìí. Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí ẹ̀dà náà ti gé, bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù: orúkọ ìkànnì náà, àdírẹ́sì tí gbogbo ọmọ mọ̀, wà ní ìkáwọ́ Rúmfà. Ó kọ̀wé sí wọn láti inú kẹ̀kẹ́ Napep pé òun ń kó lọ, kí wọ́n tú orúkọ òun sílẹ̀.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kejì tó bí i nínú ju gbogbo èyí tó ti ń bá bọ̀ lọ. Ẹni kan pè é. Ènìyàn gidi, tó ń mí.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Tolúwaṣẹ lorúkọ mi, láti Rúmfà ní Lagos. A rí i pé ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀. Kí la ṣe, mà?"

Rẹ̀mílẹ́kún dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ̀yin nìyí. Ẹ ní fóònù."

"Mà?"

"Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti ń kígbe. Kò sí ẹni tó pè mí. Mo ní mò ń lọ, fóònù dún."

"Ẹ má bínú, mà. Oníbàárà tó ti pẹ́ bíi tiyín, a ò fẹ́ pàdánù yín. A lè ṣe yín ní ẹ̀dínwó pàtàkì."

"Ìbéèrè àwọn ọmọ dà? Ohun tí wọ́n kọ láti ọdún méjì, dà?"

Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ bí Tolúwaṣẹ ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Mà, a kó gbogbo ìkànnì lọ sórí ẹ̀rọ tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ tó pẹ́ jù, a kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i kí a tó lè kó wọn. Ẹ ò fọwọ́ sí tiyín, ó sì bá ẹ̀rọ àtijọ́ lọ."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 2012, mà."

Ímeèlì náà ti kú kí Tolúwaṣẹ tó jáde nílé-ìwé girama. Wọ́n mọ ímeèlì rẹ̀ tuntun láti fi òdòdó ránṣẹ́ sí i, wọn kò mọ̀ ọ́n láti fi sọ fún un pé àwọn fẹ́ pa á rẹ́.

"Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́yìn yín lẹ kọ́kọ́ sọ nù," ó wí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà..."

"Àbúrò, mi ò bá ọ jà. Tú orúkọ mi sílẹ̀."

Ó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọjọ́ bíi mélòó kan, àti ìwé lórí ìwé. Láàárín àkókò náà, Rẹ̀mílẹ́kún fi àdírẹ́sì mìíràn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó ní nọ́ńbà wọn lórí Wasáàpù. Àwọn tí kò ní nọ́ńbà wọn, kò mọ bí yóò ṣe rí wọn. Ó mọ̀ pé àwọn kan ti gun àpáta, wọ́n ti bá ilé òfo, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀. Èyí kò jẹ́ kó lè bá Bíọ́dún rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkùnrin náà ń bi í bóyá wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní Rúmfà ní tòótọ́.

Ẹ̀kọ́ ọdún méjì tó sọnù wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé wọn padà. Ìbéèrè àwọn ọmọ ni kò sí ibi tí yóò ti rí i. Ó jókòó, ó gbìyànjú láti rántí èyí tí wọ́n máa ń béèrè jù, ó kọ ìdáhùn rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀. Ìdánwò dé, àwọn ọmọ jókòó sí i. Maimunah pè é lẹ́yìn rẹ̀ pé iyọ̀ tí wọ́n gbé fún àwọn láti dá mọ̀ kò nira.

Ilé-iṣẹ́ tuntun náà ń ṣiṣẹ́. Bó bá béèrè nǹkan, ènìyàn ló ń dá a lóhùn, kì í sì í pẹ́. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé bó bá lè bá àwọn dúró fún ọdún mẹ́ta, àwọn á dín in kù fún un. Ó ní oṣù kọ̀ọ̀kan ni òun ń fẹ́. Ní gbogbo Àbámẹ́ta, kó tó wọ ilé ìdáná, ó ń da gbogbo ìkànnì náà kọ sórí háàdì dísíìkì tirẹ̀.

Nígbà Iléyá, Àbdùlkàrímù fi nọ́ńbà tuntun pè é. Ó gbé e. Ó bá a yọ̀ fún ọdún, ó béèrè Hameedat, ó béèrè ara baba rẹ̀. Àbdùlkàrímù ní baba ti ń rìn nínú ilé. Rẹ̀mílẹ́kún ní, "Ọlọ́run á fún un lókun." Lẹ́yìn èyí, Àbdùlkàrímù ń dúró dè é, bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn. Rẹ̀mílẹ́kún ní àwọn tí yóò wá jẹun ọdún nílé rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kó bá òun kí wọn nílé, ó sì pa fóònù.